Ẹ Bi Wolé-wolé: Eruku dúdú lójú ọ̀nà Obájànà, omi pupa lódì kejì Ọya

Okun o, gbogbo ilé. Ṣáláńgá àti ẹ̀fọn ni ẹ sábà máa ń kọ̀wé bi mí. Lóṣù yìí, kùsà ló gba ẹnu gbogbo yín, àgàgà èédú. N kò bá yín wí. Èédú kò sí lábẹ́ ilẹ̀ Okun tiwa níbí. Lódì kejì odò Ọya ni ó wà, lápá Ankpa, ní Okaba àti àyíká rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi katapílà hó ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n afárá Ìtóbé, tí tírélà èédú ń gbà sọdá odò wá sọ́dọ̀ wa, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀, àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún kò sì jẹ́. Mo mú lẹ́tà márùn-ún. Èyí tó gùn jù nínú wọn, mo gé e kúrú. Ìkíni ni mo kọ́kọ́ yọ, ẹ má bínú.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, etí títì tó ti Obájànà wá sí Kabba ni ilé wa wà. Tọ̀sán-tòru ni tírélà ń kọjá, àwọn tó kó èédú sì wà nínú wọn. Bí táyà wọn bá ti bọ́ sínú gálọ́ọ̀pù iwájú ilé wa, eruku dúdú á tú jáde. Láfún tí mo bá sá sétí títì kì í funfun mọ́. Èyí tó ká mi lára jù ni pé Kẹ́hìndé mi ti ń wúkọ́ látìgbà ọyẹ́, Táyé kò sì ṣe nǹkan kan. Oníkẹ́míìsì ti ta omi ikọ́ fún wa, ó tún ta kápúsù. Ṣé èédú ló ń bá ọmọ mi jà? Ṣé ká ṣì máa jẹ láfún náà? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín fúnra yín. Yàrá kan náà ni Táyé àti Kẹ́hìndé ń sùn, eruku kan náà ni wọ́n ń fà símú. Eruku kì í yan ọmọ. Bí ọ̀kan bá ń wúkọ́ láti ọyẹ́ títí di ìsinsìnyí tí èkejì ń ṣeré kiri, a jẹ́ pé nǹkan kan wà lára Kẹ́hìndé tí eruku náà ń tọ́ níjà. Ó lè jẹ́ àsímà. Ó lè jẹ́ ikọ́ ife. Omi ikọ́ kò lè wo ìkankan nínú méjèèjì, kápúsù tí wọ́n tà láìṣe àyẹ̀wò náà kò rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí màá ṣe ká ní ọmọ tèmi ni. Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, àyẹ̀wò ikọ́ ife ni àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba, oògùn rẹ̀ náà ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá, ẹ bi í pé ta ló rán an. Lóru, ẹ gbé etí lé àyà ọmọ náà nígbà tó bá ń mí síta. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń hun fíì-fíì, tó sì jẹ́ pé ìdájí ló máa ń le jù, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, kó lè mọ̀ pé àsímà ló yẹ kó wò. Bó bá sì kọ ìnhélà, ẹ rà á. Kì í di bárakú sọ́mọ lára, ohun yòówù kí àwọn ìyá àgbà máa wí.

Ìbéèrè tèmi náà rèé: kí ni ẹ fi ń dáná? Bó bá jẹ́ igi ni, tí ilé ìdáná sì so mọ́ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn, èéfín yẹn wà lára ohun tó ń bá Kẹ́hìndé jà, bóyá ju tírélà lọ pàápàá. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ gbọ́ èyí. Tírélà ni gbogbo wa fẹ́ bú. Ẹ gbé àdògán síta, ẹ fi páànù méjì bò ó lókè, kí ẹ wo bí ikọ́ náà ṣe máa ṣe láàárín oṣù kan.

Eruku dúdú tí ẹ ń rí lórí láfún, èyí tí ẹ ń fi áńkáṣíìfù nù kúrò nímú, ìyẹn kọ́ ni mò ń bẹ̀rù jù. Imú ti mú un. Èyí tó kúná débi pé nǹkan bí 30 ẹyọ rẹ̀ ló máa tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó fẹ̀ tó fọ́nrán irun orí kan, òun ló ń kọjá imú, kọjá ọ̀fun, tó ń lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ojú kò rí i. Ní 2021, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí ìwọ̀n rẹ̀ má kọjá máíkírógíráàmù 5 nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, tí a bá pín in káàkiri ọdún. Eruku ọyẹ́ nìkan, ká má tíì fi èédú kún un, ti mú wa kọjá ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá ń da eruku síta níbí ló máa ń sọ pé "ọyẹ́ ni". Ọyẹ́ wà lóòótọ́. Ẹni tí ọyẹ́ ti ń fún láyà ni wọ́n tún wá da tiwọn lé lórí. Ẹ má sì gbàgbé èéfín dísù tó ń jáde lẹ́yìn tírélà, ì báà jẹ́ èédú ló gbé, ì báà jẹ́ sìmẹ́ǹtì: ní 2012, ẹ̀ka WHO tó ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ.

Ní ti láfún, ẹ kúrò létí títì. Mo mọ̀ pé ọ̀dà gbóná, ó sì ń tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n kí èédú tó dé ni táyà ti ń ta ẹ̀gbin sí i, ewúrẹ́ náà ń ṣe tiẹ̀. Ṣé àpáta wọ́n wa nílẹ̀ yìí ni? Ẹ gbé e lọ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, kí ẹ tẹ́ tàpólì mímọ́ sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó ti dúdú tí ẹ kò tíì lọ̀, ẹ ṣàn án lómi mẹ́ta, kí ẹ tún un sá. Èyí tí ẹ ti lọ̀ tó ní àwọ̀ eérú, n kò ní jẹ ẹ́, ẹ má sì gbé e lọ sọ́jà.

Ti tírélà kò ju tàpólì náà lọ. Èédú tí wọ́n bá bò dáadáa, tí wọ́n sì wọ́n omi sí kí ọkọ̀ tó gbéra, kì í tú báyẹn. Kí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀wé sí ẹni tó ni ẹrù, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ìlera àyíká ní ìjọba ìbílẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọn kò bò, ọjọ́ tó kọjá, aago tó kọjá: ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ lọ gbé igi dí títì. Awakọ̀ tí wọ́n máa lù kọ́ ló ni èédú.

ÌBÉÈRÈ: Wolé-wolé, èédú ni mò ń gbé, Lọ́kọ́jà ni mò ń gbé. Ọ̀gá wa kan ní kí n máa mu mílíìkì alágolo kan àti síbí epo pupa mẹ́ta lálaalẹ́, pé ó ń fọ eruku kúrò láyà. Mo ti ń ṣe é. Ṣé ó tọ̀nà? — Awakọ̀

ÌDÁHÙN: Àbúrò, owó mílíìkì ń lọ lásán. Ọ̀nà oúnjẹ lọ sí ikùn, ọ̀nà èémí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀fun ni wọ́n ti yapa, wọn kò tún pàdé mọ́ nísàlẹ̀. Epo tó bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tuntun ló máa dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí a fi ń pariwo mọ́ àwọn ìyá tó ń rọ epo sẹ́nu ọmọ tí gìrì gbé nìyẹn. Bí o bá fẹ́ràn mílíìkì, fi í mu tíì.

Èyí tó máa wúlò fún ọ rèé. Bí wọ́n bá ń da èédú sínú ọkọ̀ rẹ, má dúró sítòsí rẹ̀. Wọnú ọkọ̀, kí o ti wíǹdò, tàbí kí o lọ dúró síbi tí atẹ́gùn ti máa gbé eruku náà jìnnà sí ọ. Ìbòmú tí wọ́n kọ N95 sí lára, tó lẹ̀ mọ́ ojú pinpin, ni kí o rà. Ìbòmú búlúù ìgbà Kòrónà, ẹ̀gbẹ́ ni eruku ń gbà wọlé. Sìgá, jọ̀wọ́ rẹ̀. Bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí o tó gbé ọmọ, kí ìyàwó rẹ má sì gbọ̀n ọ́n nínú yàrá. Inú omi ni kó rẹ ẹ́ sí tààrà. Èyí tí ẹ̀yin awakọ̀ kì í kà sí rèé: èédú apá tiwa yìí máa ń gbóná láti inú wá bó bá ti pẹ́ lójú kan, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tanná sí i. Nínú èéfín rẹ̀ ni májèlé kan wà tí kò ní òórùn rárá. Má ṣe sùn nínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì èédú tó ń rú.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi, ọmọ Ìyàmoyè ni mí. Ọkọ mi ń ṣe tíṣà lápá Ankpa, ìyẹn ni mo fi wà lọ́hùn-ún. Odò tí abúlé wa ń pọn kọjá lẹ́bàá kòtò èédú kan tí wọ́n ti pa tì. Omi náà ti pupa, gbogbo òkúta inú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ọsàn. Mo máa ń fi álọ́ọ̀mù sí i, mo ń sè é kó hó dáadáa kí n tó fún àwọn ọmọ. Ìyá onílé wa ní ìyẹn ti tó, pé omi tó bá ti hó kò ní àrùn mọ́. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyàwó Tíṣà

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, òótọ́ ni ìyá onílé yín sọ nípa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò ló sọ omi yẹn di pupa. Bí omi bá hó, kòkòrò á kú. Irin kì í kú. Bí ẹ bá ṣe ń sè é pẹ́ tó ni omi ń lọ tí irin ń ṣẹ́kù, bí iyọ̀ ṣe ń le sí i nínú ọbẹ̀ tí a gbàgbé sórí iná. Álọ́ọ̀mù á mú ẹrẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀, omi á mọ́ lójú, ẹ ó sì rò pé ó ti dára. Ẹ dá a dúró lónìí, ẹ má fún àwọn ọmọ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe débẹ̀, kí ẹ lè ṣàlàyé fún ìyá onílé. Nínú èédú àti nínú ilẹ̀ dúdú tó bò ó, òkúta wẹ́wẹ́ kan wà tó ń dán yẹ́lò, àwọn ọmọdé máa ń ṣà á, wọ́n á ní àwọn rí wúrà. Irin àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ di òkúta yẹn. Nígbà tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tí afẹ́fẹ́ kò kàn án, kò dá ẹnikẹ́ni láàmú. Ní Enugu láyé ìjọba òyìnbó, ihò ni wọ́n gbẹ́ wọ inú òkè lọ bá èédú. Ti orí ilẹ̀ yàtọ̀: gbogbo ohun tó bo èédú ni wọ́n ń hó kúrò, igi, oko, erùpẹ̀, òkúta, wọ́n á kó o jọ gègèrè sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á sì fi kòtò ńlá sílẹ̀. Òkúta tí kò rí oòrùn rí wá di ohun tí òjò ń pa. Imí ọjọ́ inú rẹ̀ á di áásìdì, áásìdì náà á máa yọ́ irin, mángáníìsì àti àlùmíníọ́mù sínú omi, nígbà mìíràn àsẹ́níìkì, májèlé gidi, á bá wọn lọ. Irin yẹn, bó bá ti kan afẹ́fẹ́ nínú odò, òun ló ń di ẹrẹ̀ aláwọ̀ ọsàn tí ẹ ń rí, ó ń bo ìsàlẹ̀ odò, ẹja kò sì ní ríbi yé ẹyin sí. Pé wọ́n ti pa kòtò náà tì kò dá a dúró. Ó lè ṣàn bẹ́ẹ̀ títí àwọn tó gbẹ́ ẹ á fi darúgbó.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí òun ló ń pa èèyàn lára jù láìfura. Omi pupa kò burú tó omi tó mọ́ gaara. Ẹni tó bá rí omi pupa á sá. Ṣùgbọ́n inú kòtò tí wọ́n ti wa èédú tán, ẹ lè bá omi tó tutù, tó mọ́ débi pé ẹ ó máa rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ létí rẹ̀, kí ẹ wò ó dáadáa: kò sí àkèré, kò sí tanwíjí, kòkòrò kan kò rìn lórí rẹ̀, koríko etí rẹ̀ ti gbẹ. Áásìdì ló lé gbogbo wọn lọ. Irú omi bẹ́ẹ̀ kò ṣeé mu, kò ṣeé fi wẹ ọmọ. Kòtò tí áásìdì rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀fọn máa gbà á, ibà á sì dé. Méjèèjì ni ọmọ lè rì sí, nítorí etí kòtò katapílà dúró ṣánṣán, kò ní ibi tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè tẹ̀ jáde. Kí ọkọ yín sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní gbangba, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lórí ìlà, kí wọ́n tó kọrin wọlé.

Òjò ni kí ẹ máa gbè báyìí ná. Kì í ṣe òjò àkọ́rọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí òjò méjì-mẹ́ta kọ́kọ́ fọ eruku kúrò lórí páànù, lẹ́yìn náà ní gbogbo ìgbà tó bá rọ̀, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ ṣàn dànù kí ẹ tó gbé agbada síbẹ̀. Bí kànga tàbí bohó bá wà tó jìnnà sí kòtò náà, ẹ gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó gbọ́kàn lé e. Ike mímọ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ fi omi kànga náà gan-an ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ bù ú kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ sí i lára, kó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ omi wò lọ́jọ́ náà. Ẹ má kàn ní kí wọ́n "yẹ̀ ẹ́ wò", kòkòrò nìkan ni wọ́n máa wò. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́: pH (òun ló ń sọ bí áásìdì omi ṣe le tó), irin, mángáníìsì, òjé, àsẹ́níìkì. Ní Nàìjíríà, pH omi mímu kò gbọdọ̀ kéré sí 6.5, kò gbọdọ̀ ju 8.5 lọ, irin rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Kabba ni mo ti ń kàwé. Olùkọ́ wa ní àwọn òyìnbó ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa èédú lórí ilẹ̀ máa ní jẹjẹrẹ, pé ọmọ tí wọ́n bá bí níbẹ̀ á ní àbùkù ara. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, apá kan ìtàn náà ni olùkọ́ rẹ gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, ní West Virginia àti Kentucky, wọ́n máa ń fi dáyínámáìtì bẹ́ orí òkè dànù kí wọ́n lè rí èédú kó, wọ́n á sì da òkúta rẹ̀ sí àfonífojì tí omi ń gbà kọjá. Olùwádìí kan, Michael Hendryx, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ìbí àwọn àgbègbè yẹn wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011 pé ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù ara pọ̀ níbẹ̀ ju ibi tí kò sí irú ìwakùsà bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní rárá, pé nǹkan mìíràn ló fà á. Ìjọba wá gbé iṣẹ́ náà fún National Academies, àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà, kí wọ́n tú u wò látòkèdélẹ̀. Lóṣù kẹjọ 2017, ẹ̀ka ìjọba tó gbé e fún wọn ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró láàárín ọ̀nà. Ìwọ náà ro ìdí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Yunifásítì Newcastle fi àwọn ọmọdé tó lé ní 3,000 tó ń gbé nítòsí ibi ìwakùsà èédú orí ilẹ̀ àti àwọn tó ń gbé jìnnà wé ara wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2000. Wọn kò rí i pé àsímà pọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n rí ni pé eruku fi díẹ̀ pọ̀ sí i, àti pé àwọn ọmọ tó wà nítòsí ń lọ rí dókítà nítorí èémí ju àwọn tòkèèrè lọ. Rántí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ibi tí òjò kì í fi eruku lọ́rùn sílẹ̀, tí òfin sì ń tọ awakùsà lẹ́yìn. Èmi ò lè fi "díẹ̀" tiwọn wọn tiwa.

Nítorí náà, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó "máa" ní jẹjẹrẹ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò gan-an, ti wọn kò ní àríyànjiyàn: eruku èédú àti ti òkúta ń sọ ẹ̀dọ̀fóró di líle, kò sì sí oògùn tó ń dá a padà. Ti àwọn aládùúgbò ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń fà, àkọsílẹ̀ ìbí àti ti ilé ìwòsàn ló sì jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan fà rárá. Lọ sí abúlé tiwa, kí o béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ wa ti Yàgbà.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, àwọn èèyàn kan gbé ẹ̀rọ wá sí ìtòsí ìlú wa, lápá Ìsánlú, wọ́n ń lu ihò sílẹ̀, wọ́n ń kó òkúta sínú àpò. Wọ́n ti lọ kí baálẹ̀. Àwọn kan ní èédú ni wọ́n ń wá, pé ilẹ̀ wa máa dà bíi ti Ankpa. Kí ni kí àwa ọ̀dọ́ ṣe kó tó bọ́ sórí? — Ọmọ Yàgbà

ÌDÁHÙN: Ọmọ Yàgbà, fi ọkàn balẹ̀ lórí èédú. Ilẹ̀ tiwa láti Kabba dé Ẹ̀gbẹ̀, àpáta àtayébáyé ni, òkúta tó ti yọ́ rí tó tún le. Èédú kì í wà nínú irú rẹ̀. Wúrà ni wọ́n ń wá kiri ní Ìsánlú, tàbí tántáláìtì, tàbí òkúta tí wọ́n fẹ́ fọ́. Má fi ọkàn balẹ̀ jù. Eruku òkúta tiwa ní sílíkà nínú, ẹ̀ka WHO tó ń rí sí jẹjẹrẹ sì ti kà á mọ́ ohun tó ń fà á láti 1997. Ní ti wúrà, ẹ ti gbọ́ Zamfara: ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ lágbo ilé pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Ẹni yòówù tó bá ń wa wúrà nílùú yín, kó má lọ̀ ọ́ nílé, kó má lo ẹ̀rọ ata fún un. Lórí èyí, n kò gba àwáwí kankan.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta lẹ́bàá abúlé kan ní agbègbè wa. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í là. Wọ́n pe ìpàdé, èmi náà lọ. Ìyá àgbà kan fa lọ́yà ilé iṣẹ́ náà wọ yàrá rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ara ògiri títí dé ọrùn ọwọ́, ó ní kó wò ó. Lọ́yà náà wò ó. Kò jiyàn rárá. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi béèrè pé, "Màmá, ọjọ́ wo ni ògiri yìí là? Ta ló rí i nígbà tí kò tíì là?" Kò sí fọ́tò, kò sí ìwé. Ó pa fáìlì rẹ̀ dé, ó bá wa mu ẹmu, ó lọ.

Nítorí náà, ohun tí ẹ máa ṣe, kí katapílà àkọ́kọ́ tó dé ni. Ẹ fi fóònù ya ògiri gbogbo ilé, inú àti ìta. Ẹ gbé omi gbogbo kànga, ìsun àti odò lọ fún àyẹ̀wò bí mo ṣe là á sílẹ̀ fún Ìyàwó Tíṣà. Owó ni, ẹ dá a, àwọn ọmọ yín tó wà l'Ékòó náà á fi sí i. Ẹ ka igi kajú àti kòkó tó wà lóko kọ̀ọ̀kan, torí nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bìínú, gbogbo oko ló máa di igbó lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Kí ẹ wá ra ìwé líla ńlá kan fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé yín. Kí nọ́ọ̀sì máa kọ síbẹ̀ lóṣooṣù: ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún mélòó ló wá nítorí ikọ́, mélòó nítorí ibà, mélòó nítorí ìgbẹ́ gbuuru, oyún mélòó ló bàjẹ́. Ọdún kan gbáko, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọyẹ́ náà lè wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ọyẹ́ bọ́jú mọ́ yín lọ́wọ́.

Òfin ìwakùsà ti 2007 wà lẹ́yìn yín. Kí ẹni tó gba ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ bá ìlú ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ó gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ máa fà fún àyíká. Bó bá wà á tán, òun ló gbọ́dọ̀ tún ilẹ̀ ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi kọ àdéhùn náà, ó sì máa nípọn. Kí tíṣà kan kà á ní Yorùbá sétí gbogbo ìlú, àwọn obìnrin kí wọ́n wà níbẹ̀, torí àwọn ló ń pọn omi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gbọ̀ngán ìlú àti tiransifọ́mà dí yín lójú. Ẹ ní kí wọ́n kọ sínú rẹ̀ pé àwọn ló máa san owó àyẹ̀wò omi lọ́dọọdún, pé ẹ̀yin ni ẹ máa yan ẹni tó máa ṣe é, àti iye ọjọ́ tí kòtò kọ̀ọ̀kan máa fi wà láìdí.

Ní ti ìwé ilé ìwòsàn yẹn, ẹ kọ ọjọ́ sójú ewé kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ọ̀sì àti ìyálọ́jà jọ máa buwọ́ lù ú. Ẹ ṣe é ní méjì. Kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ẹ jọ fọkàn tán, kó má sì jẹ́ ààfin. Ẹ má bi mí léèrè ìdí.